Mo Lọ Mu Omi Nílé Abibata

Gurugu, Tamale

Ayọ̀mipọ̀ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ilé, mo kí iṣẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí ni yóò máa ṣọ́ yín ní Àkrà, ẹ ò ní rìn níjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Tí o bá ń béèrè wa, dáadáa la wà. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là, òrí la fi ń pa á. Orúnkún bàbá ẹ ti sàn, ó tún ti ń gun ọ̀kadà bí ọmọdé.

Ọmọ mi, nǹkan ṣẹlẹ̀ sí mi. Ṣé o rántí Túnráyọ̀ tó ń darí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa? Ó ya fọ́tò mi lẹ́yìn ìsìn, ó gbé e sórí Wásáàpù rẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní státọ́ọ̀sì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá tí àwọn fẹ́ fìwà jọ nìyí. Ó ní títí dé Kumasi ni wọ́n ti rí mi. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ojú títì ni mo gbà délé lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló yá jù.

Ṣé o rí i, Màmá Jemimah ti àdúgbò Sakasaka ni wọ́n máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn ló wẹ̀ ọ́ nígbà tí mo bí ọ, tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun tí kò ní ìyá nítòsí. Àwọn ló kọ́ mi ní àdúrà, àwọn náà ló kọ́ mi bí a ti ń bá èèyàn gbé. Ojú wọn kò ríran mọ́ báyìí, mo sì ti ń rò ó pé ta ló máa ṣe bíi tiwọn. Mo wá sọ nínú ọkàn mi pé bóyá èmi ni.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ní kí bàbá ẹ ṣí fóònù rẹ̀ kí n tún fọ́tò náà wò. Kò sí níbẹ̀ mọ́. A wá a títí, a pa fóònù, a tún tàn án, a tilẹ̀ fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Mo ti mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti yọ mí. Àwọn tó ni Wásáàpù ti wádìí mi, wọ́n sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ èmi àti Abibata.

Abibata aládùúgbò wa ni mò ń wí. Àwọn ẹtù tó ń sìn ló tú ata tí mo sá sóòrùn ká, mo sì sọ ọ̀rọ̀ sí i tí kò yẹ kó ti ẹnu ìyá ìjọ jáde. Láti ìgbà òjò la ò ti kí ara wa. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ dé ìlú òyìnbó ni kò yé mi, àmọ́ ìwọ náà mọ̀ pé ẹtù lè pariwo.

Ojú tì mí débi pé nígbà tí Túnráyọ̀ kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe ni mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gba ilé Màmá Jemimah lọ, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní: “Èmi ò mọ Wásáàpù. Abibata ni mo mọ̀. Ṣé o ti lọ mu omi nílé ẹ̀?”

Bí Màmá ti máa ń ṣe nìyẹn. Tí ìjà bá dé, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ tí wọ́n á fi lọ sílé onítọ̀hún, wọ́n á ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ti bu omi fún èèyàn mu, ó ṣòro kó tún máa bá a jà.

Mo lọ. Ilé Abibata kò jìnnà, àmọ́ ó dà bíi pé ọ̀dọ̀ yín ní Àkrà ni mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó wò mí, ó wọlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé kò ní jáde mọ́. Nígbà tó máa jáde, kì í ṣe omi lásán ló gbé bọ̀. Zomkom ni, omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun jéró àti atalẹ̀ sí, tí àwọn Dàgóńbà onílùú fi ń gba àlejò tí wọ́n bá kà sí. Ọmọ mi, mo sunkún sínú igbá náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Òun náà ní kí n má bínú, ó ní òun rí fọ́tò mi lórí fóònù Zulaihat ọmọ òun, ó wu òun kí òun wá kí mi kú oríire, ìjà ni kò jẹ́.

Lánàá ni Túnráyọ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kó tó jókòó ó ní kí n jọ̀ọ́ fún òun lómi mu. Mo bu omi fún un. Ìgbà tó mu ún tán ló wá béèrè ohun tí òun ṣe tí mo fi yíjú kúrò lára òun. Mo ní ta ló kọ́ ọ. Ó ní Zulaihat ló sọ bí mo ṣe wá mu omi nílé àwọn. Mo bá sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò tí wọ́n yọ fún un. Ó wá là á yé mi pé bó ti wù kí fọ́tò dára tó, tó bá ti lo ọjọ́ kan níbẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀, ti pásítọ̀ wa pàápàá lọ. N kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, àmọ́ mo dúpẹ́.

Nítorí náà, jọ̀ọ́ fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́. Bàbá ẹ ní wíwò tí mò ń wo ara mi ló jẹ ti òun tán. Fọ́tò Màmá Jemimah ni mo fẹ́ gbé síbẹ̀. Bó bá ti ń lọ, èmi náà á máa gbé e padà láràárọ̀. Mo ti bi wọ́n pé kí ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé kan wà láyé tí o ò ní lè wọ̀ mu omi. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.