Ọmọ Tí Kì Í Sunkún

Bàbá Ayperi mi,

Ẹ kú òtútù Mọ́skò, ẹ kú iṣẹ́ bíríkì. Ara wa le. Ìyá yín ti fi ọmọ yín yangàn kiri gbogbo ìlú At-Bashy pé kì í sunkún, pé oorun ṣáá ló ń sùn nínú béṣíkì, ibùsùn onígi rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo bí i, nọ́ọ̀sì tó gún gìgísẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ pè mí: "Gbé e wá lónìí. Omi ara tí ọrùn rẹ̀ yẹ kó máa pèsè kí ọpọlọ lè dàgbà kò tó. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni àìsàn."

Ìyá yín dínà mọ́ mi: "Ogójì ọjọ́ tí ọmọ tuntun kì í fi jáde ò tíì pé! Ṣé o fẹ́ kí ojú burúkú pa á ni?"

Mo ní, "Màámi, ẹ bá mi jà tí mo bá dé." Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀wù, mo gba inú yìnyín lọ.

Ní báyìí, ìyá yín fúnra wọn ló ń lọ oògùn tí dókítà fún wa, tí wọ́n ń fi omi ọmú mi pò ó láràárọ̀. Lánàá, Ayperi figbe ta! Ìyá yín sáré síta: "Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ wá gbọ́ ohùn ọmọ mi!"

Ẹsẹ̀ mi tí yìnyín jẹ ti ń san, ẹ má torí ẹ̀ wálé. Ẹ ṣáà pè wá láàárọ̀. Ayperi fúnra rẹ̀ ni yóò kí yín.