Aṣọ Tí Kò Lójú Rírán

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ má dárúkọ mi, gbogbo ilé wa ló ń gbọ́ yín.

Bàbá mi ń hun òfì tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá mi ń rán an pọ̀, ṣùgbọ́n ọjà ti kú. Ìjọba wá gbé ẹ̀rọ ìhunṣọ ńlá wá láti fi sọ iṣẹ́ wa jí.

Hà! Aṣọ tó ń jáde nínú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹní! Bàbá mi fi àtàǹpàkò wá ojú rírán títí, kò rí i.

Ó ní, "Ṣé ọwọ́ èèyàn ló ṣe èyí?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín: "Ìjọba ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi o!"

Ìjọba ti ní kí n wá kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rín ìyá mi yẹn ni kò tíì jẹ́ kí n lọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?