Omi Oníyọ̀ Tó Bá Aláṣọ Funfun Lọ

Àwẹ̀ró mi, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà níbi tí o wà? Ṣé òtútù Sikọ́tíláǹdì kò mú ọ jù? Èmi ìyá rẹ kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsinmi, mo sì kí ọ kú ìrìn àjò lórí ìrìn àjò, nítorí pé o kúrò nílé wá sí Lọ́ńdọ̀nù, o tún kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ síbi tí ilé ìwé rán yín lọ. Ẹni tó mú ọ lọ yóò mú ọ bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Àmín.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù kò gbè wá. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, obìnrin òyìnbó kan ló ń gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù, ó jọ ọmọ tí a kọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán. Mo kí i, mo béèrè àlàáfíà àwọn òbí rẹ̀, kò dáhùn, tirẹ̀ ló ń sọ lọ, ó wá fọn fèrè sí mi létí. Bí ó bá jẹ́ pé yàrá kan náà lẹ jọ ń gbé níbẹ̀, bá mi kí i, ṣùgbọ́n sọ fún un pé a kì í fọn fèrè sí àgbà létí.

Àwọn ará ilé kí ọ. Láyí àbúrò rẹ pè láti abúlé, ó ní ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, ó ní ìyàwó òun ti ń rìn dáadáa. Ní ti ilé tìrẹ tí o fi mí sí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ní Becontree, àlàáfíà ni. Dígí kékeré tí o ní ó ń ka owó iná, tó wà lórí tábìlì ilé ìdáná, nìkan ni mi ò tíì mọ ìwà rẹ̀. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, iná rẹ̀ á ṣe àwọ̀ ewé, bí mo bá se omi báyìí, á pọ́n fòò. Mo gbà pé onílé ló ń fi í wò wá, nítorí náà mo máa ń kí i láàárọ̀ kí n tó tan sítóòfù, mo sì máa ń sọ ohun tí mo fẹ́ sè fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò. Ọ̀rọ̀ àwọn igi òdòdó rẹ ni.

Bí o ṣe ń lọ, o fi ìlà mẹ́ta hàn mí ní ẹ̀yìnkùlé, o sì fi kẹ́ẹ̀gì ńlá mẹ́ta hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Èyí tí a so aṣọ funfun mọ́, omi ẹ̀rọ ni. Èyí tí a so aṣọ búlúù mọ́, omi ìwẹ̀ rẹ tí o fi iyanrìn àti èédú sẹ́ ni. Ìyẹn kò ṣòroó yé mi, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa nílé, omi ìwẹ̀ gbogbo ilé ló ń mu, ó sì sanra ju ẹni tó ń wẹ̀ lọ. Ti aláṣọ pupa ló dùn mí. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń fún òdòdó ní omi iyọ̀ mu rí. O ṣàlàyé pé omi dídùn lè má tó mọ́ lọ́jọ́ iwájú, pé àwọn tó ń gbin òdòdó sí ìgboro fẹ́ mọ èyí tó lè fara da iyọ̀ àti omi àlòkù. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n nínú mi, mo rò pé àwọn tó wà ní ìlà pupa ṣẹ ọ̀gá yín ni. O wá kìlọ̀ fún mi pé bí ìlà kan bá mu omi ìlà mìíràn, iṣẹ́ rẹ bàjẹ́ nìyẹn, àyè kò sì sí láti ṣe òmíràn kí ilé ìwé tó gbà á. Mo di ìkìlọ̀ náà mú. Mò ń bu omi fún oníkálùkù láti inú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, mo sì máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tòkè ọgbà náà, àwọn aláṣọ pupa, kí n tó bu tiwọn.

Lọ́jọ́ kan mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ilé náà dákẹ́ jù fún mi, ni mo rí obìnrin kan tó wọ sùtánà funfun, tó ń fẹsẹ̀ lásán sọ̀kalẹ̀ láti inú mọ́tò. Orí mi wú. Mo pariwo kí i pé àlàáfíà o, ó sì yíjú, ó dáhùn ní Yorùbá. Wúrà lorúkọ rẹ̀. Ojúlé kẹrin sí tìrẹ ló ń gbé. Mo béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọmọ wa kan ń gbé inú ilé yẹn.

Ọmọ mi, o sọ fún mi lórí fóònù nígbà tí mo wà nílé pé àwọn ènìyàn rẹ pọ̀ níbí. Mi ò fi ìyẹn bá ọ jà.

Mo bá Wúrà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, mo sì ní kí wọ́n wá gbàdúrà fún iṣẹ́ ìwé rẹ nílé. Wọ́n wá lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Oyèbánjí ló síwájú, tàbẹ́là tagogo. Àkàrà ni mò ń dín lọ́wọ́ fún wọn. Kí n tó jáde, wọ́n ti rí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ, aṣọ funfun, aṣọ búlúù, aṣọ pupa. Ìwọ náà mọ̀ pé bí a ṣe ń to omi àdúrà nìyẹn. Alàgbà ní ìyá yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀mí, wọ́n sì gbàdúrà sí i tagbára tagbára. Nígbà tí mo rí i tí wọ́n ń gbé wọn sínú mọ́tò, mo rò pé iwájú pẹpẹ ni wọ́n ń gbé e lọ, kí ó sùn níbẹ̀ mọ́jú bíi tilé, kí wọ́n sì dá a padà. Àní èmi ni mo bá wọn di ìdérí rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mi ò rí omi. Mo lọ bá Wúrà, ó fi ẹ̀rín sọ pé wọ́n ti pín in. Òun gba funfun, ó sì ti fi pa ẹ̀yìn, ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ. Mo ní omi ẹ̀rọ ni, pé irú rẹ̀ wà nílé ìdáná rẹ̀. Ó ní bóyá ẹ̀rọ ti òun kò tíì gba àdúrà. Nígbà tí mo sọ ohun tí omi náà wà fún, ara rẹ̀ rọ̀. Oòrùn ọjọ́ náà mú bí ti ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn òdòdó sì ti ń tẹrí. Ó wò wọ́n, àánú mi ṣe é, ó ní, "Màmá, omi ni omi. Ẹ bu omi ẹ̀rọ fún gbogbo wọn. Ta ni yóò mọ̀?"

Àwẹ̀ró, mo di ìdí kọ́ọ̀bù mú títí lẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mo rántí bí o ṣe ń tẹ̀ ba lórí àwọn ewé yẹn kí o tó lọ sílé ìwé, mo gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Mo ní bí wọn ò bá lè mu tiwọn, kí gbogbo wọn jọ gba ààwẹ̀.

Wúrà wá fi mọ́tò gbé mi. Àwọn ilé àdúgbò yìí jọra bí ọmọ ìyá kan, ènìyàn lè wọlé onílé kó sì bọ́ bàtà. Nílé Alàgbà, bí mo ṣe tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ló dá mi lóhùn. Ohùn Alàgbà ni, mo sì kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní àwọn wà níbi iṣẹ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ ṣílẹ̀kùn ná, ìbínú kò ju kí a rí ojú ara wa lọ. Ìyàwó wọn ló wá ṣí i nígbẹ̀yìn. Alàgbà ti mu nínú èyí tó pupa, iyọ̀ ta wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì yọ̀, torí iyọ̀ kì í wọ inú àdúrà kó má jẹ́ adùn. Ìyàwó ti fi díẹ̀ se ọbẹ̀. Ó dá èyí tó kù padà, ó ní òun tilẹ̀ rò ó pé ẹ̀mí kì í fi iyọ̀ sí nǹkan tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó gba búlúù ni Ìyá Irewọlé, tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wa lójú ọ̀nà Mayesbrook. Ó ti fi díẹ̀ nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé omi náà ń ta sánsán ọṣẹ, ó sì gbà pé omi ìwẹ̀nùmọ́ ni. Mo ní omi ìwẹ̀ ọmọ mi ni. Ó ní, ó kéré tán, ọmọ náà ń wẹ̀. Ó wá béèrè ọmọ wo. Mo ṣàpèjúwe rẹ, tẹ́ẹ́rẹ́, onígò ojú, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ọmọ tó máa ń dúró ní ibùdókọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù òun nírọ̀lẹ́, tó máa ń wo fèrèsé òun bí ẹni tó fẹ́ wọlé, tí kì í sì í wọlé ni. Ó ní òun rò pé kò fẹ́ràn ènìyàn ni.

Mo sọ fún un pé, "Ó fẹ́ràn ènìyàn. Kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí ni."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí, kí o lè kọ ọ́ bó ṣe rí. Gbogbo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbààwẹ̀ pọ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí èyí tó mu ju èkejì lọ. Láti ìgbà náà, omi tirẹ̀ ni oníkálùkù ń mu, ó kàn jẹ́ pé àdúrà wà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan péré ni mo ṣe àṣìṣe lé lórí. Lafẹ́ńdà tó wà ní ìparí ìlà pupa, tó dá dúró lẹ́bàá ọgbà, etí ewé rẹ̀ ti jó, ó ń wò mí. Omi tí mo fẹ́ fi lo oògùn mi ni mo dà sí i. Mo ti gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù, mo sì ti fi etí gèlè mi so ó. Má kà á mọ́ wọn. Ó ti ń rú ewé, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́ bí o bá kà á. Bí ọ̀gá rẹ bá sọ pé iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi ni màá kúnlẹ̀.

Bí owó kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n fi ra àwo àti síbí. Wọ́n fẹ́ padà wá, ìdérí ìkòkò sì ni Alàgbà fi jẹ àkàrà níjọ́sí. Kí o sì fi ti iyọ̀ kún un.

Olúwa yóò pa ọ́ mọ́. Ohun tó ń jó àwọn ẹlòmíràn kò ní jó ọ. Ibi tí wọ́n bá gbìn ọ́ sí, wàá ta gbòǹgbò níbẹ̀, wàá sì rí ẹni bomi rin ọ́. Ìyá Irewọlé ní lọ́jọ́ tí o bá dé, òun ń bọ̀ wá kí ọ pẹ̀lú ọbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, èmi ni mo bí ọ. Tí o bá gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, má pa iná, má ṣe bí ẹni tí kò sí nílé.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀