Ìbéèrè Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Gbọ́rọ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá, 2025
Ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ wa tún ń mi ilé tìtì. Gbogbo Ṣómólú ló ń tẹ̀wé. Àwa tá a wà lókè ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ bà. Gbọ́rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èèyàn á sọ ohun tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe, bó ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Gbọ́rọ̀ á sì kọ kóòdù rẹ̀ fúnra ẹ̀.
Bọ̀dá Bám ló ronú ẹ̀. Bámilóyè. Ọdún méjì sẹ́yìn ló ṣubú lórí ọ̀kadà ní Fádèyí, ó lo oṣù mẹ́ta nílé ìwòsàn Igbóbì, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ká mọ́. Kò lè tẹ kóòdù. Ló bá ní, bí kọ̀ǹpútà bá lè gbọ́ èrò ọkàn òun ńkọ́? Òun náà ló kọ́ mi níṣẹ́, láti ìgbà tí mi ò mọ̀ ju kí n tan kọ̀ǹpútà lọ.

Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹwàá
Oyin-Ẹnu pè mí. (Ọ̀gá Mahmood ni. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.) Àwọn olówó tó fẹ́ bá wa dòwò pọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní èmi ni màá sọ̀rọ̀. Kí n sọ pé èmi ni mo ronú Gbọ́rọ̀ — ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀. Mo ní Bọ̀dá Bám ńkọ́. Ó ní, "Ta ló fẹ́ fowó lé ọwọ́ tó rọ?"
Mo rẹ́rìn-ín. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí: mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹwàá
Mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù kẹwàá
Mẹ́rin ni wọ́n. Mo dúró, mo sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Mo tiẹ̀ fi tèmi kún un: mo ní ìyá mi lọ́wọ́ ń dùn, pé tìtorí wọn ni mo ṣe ṣe é. Irọ́ yẹn ò sí nínú ohun tí Oyin-Ẹnu ní kí n sọ. Èmi fúnra mi ni mo pa á.
Wọ́n ti ní kí Bọ̀dá Bám gbé ohun mímu wá. Ọwọ́ òsì ló fi gbé tírè, àwọn ìgò ń kan ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò béèrè pé bàbá yìí ńkọ́. Oyin-Ẹnu ní, "Wọ́n máa ń bá wa tọ́jú ọ́fíìsì ni." Bọ̀dá Bám wò mí. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbádùn ẹ̀ — Ọlọ́run ló mọ̀, mo gbádùn ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹwàá
Wọ́n ti buwọ́ lùwé. Mo di olórí àwọn tó ń kọ Gbọ́rọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Oyin-Ẹnu fún mi: kí n mú lẹ́tà lọ fún Bọ̀dá Bám pé a ò nílò rẹ̀ mọ́.
Mo rò pé ó máa pariwo. Ó kà á, ó ká a. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dọlápọ̀, ohun kan ṣoṣo. Ìbéèrè tí Gbọ́rọ̀ máa ń béèrè kó tó ṣe nǹkan, má yọ ọ́ o. Ìdajì ohun tó wà nínú èèyàn ló máa ń sọ jáde. Ìbéèrè yẹn ló ń wá ìdajì tó kù."
Mo ní ẹ máa lọ, sà, mo ti gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kẹwàá
Àwọn olówó ní Gbọ́rọ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ jù, ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Mo yọ ìbéèrè náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kẹwàá
Ó yára. Ó yára bí iná ọyẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹwàá
Wàhálà. Ilé ìwé kan ní Ọbáníkòró ń lo Gbọ́rọ̀. Akọ̀wé wọn, Fìyìnfólúwa, fẹ́ tẹ orúkọ àwọn ọmọ tó wá lónìí. Ó kọ ọ́ pé: yọ àwọn tí kò wá kúrò. Gbọ́rọ̀ ti tẹ́lẹ̀ ì bá bi í pé nínú ìwé òní nìkan ni, àbí pátápátá? Èyí tí mo ṣe ò béèrè. Ọmọ mọ́kànlélógójì — orúkọ, èsì ìdánwò ọdún mẹ́fà — gbogbo ẹ̀ pa rẹ́.
Ó pè mí, ó ń sunkún. Mo ní, "Àǹtí, ohun tẹ́ ẹ kọ ló ṣe." Mo tún kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé: àṣìṣe akọ̀wé yín ni.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù kẹwàá
Wọ́n ti dá Fìyìnfólúwa dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀. Oyin-Ẹnu ní mo káre.
Ṣùgbọ́n a ò rí nǹkan àwọn ọmọ náà gbà padà. Mo wá gbogbo ibi. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù kẹwàá
Mo lọ sílé Bọ̀dá Bám ní Bàrígà. Ìyàwó wọn, Àǹtí Gbémisọ́lá, ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin tó máa ń bu oúnjẹ fún mi láìbi mí, tó máa ń ní "ìwọ Dọlápọ̀ yìí, o tún ti rù" — ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jókòó." Mo rò pé ẹlòmíì wà lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn.
Bọ̀dá Bám jáde. Ó tẹríba. "Ẹ ǹlẹ́ mà." Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.
Mo ro gbogbo ẹ̀. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní akọ̀wé náà, ẹni tí òun kọ́ ní lílo Gbọ́rọ̀ níjọ́sí, ti wá bá òun lánàá. Pé láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti ṣe é kí Gbọ́rọ̀ máa tọ́jú ohun tó bá pa rẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, sínú kọ̀ǹpútà ẹni tó ń lò ó. Òun ti fi ibẹ̀ hàn án. Gbogbo ẹ̀ ti padà. Òun sì ti kọ lẹ́tà fún un nípa ìbéèrè náà, ìgbà tó wà nínú Gbọ́rọ̀, àti ẹni tó jẹ́ olórí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Ilé ìwé náà á gbà á padà lọ́jọ́ Ajé.
"Kò sí nǹkan tó kù tí mo lè ṣe fún yín, mà."
Mo ní ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má pè mí ní mà. Ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.
Ó wò mí. Ó wá rọra — ọwọ́ òsì lára àga, torí ọ̀tún ò lè gbé e — ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. Èmi. Ó ní, "Ẹ dákun, mà, ẹ dìde. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ilé rí yín."
Àǹtí Gbémisọ́lá ṣí ilẹ̀kùn, ó dì í mú bẹ́ẹ̀, títí mo fi mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń dúró dè.