Ẹ̀mú Bàbá Wa

Ọjọ́bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Ìlódè.

Nígbà tí Bàbá kú, mo fi ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ní kó jẹ́ ti Àlàbá, àbúrò mi, pamọ́. Mo purọ́ fún un pé ó ti sọnù. Ìlara lásán ni.

Lónìí, ó wá bá mi tún kọ̀ǹpútà mi ṣe. Ìkọ́ tó di fáànù inú rẹ̀ mú ti kán. Ó fẹ́ fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kò lè tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé kún ilé yín, kò sí ẹ̀mú!"

Mo wọ yàrá, mo gbé ẹ̀mú Bàbá jáde. Ó wò ó títí. Ó fi tẹ sípóòkù náà, fáànù sì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ó fẹ́ dá ẹ̀mú náà padà fún mi.

"Máa mú un lọ, Àlàbá. Irọ́ ni mo pa. Tìrẹ ni."