Orin Dádì Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí N Fi Gòjé Ta

Ilé Kẹta, Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì,
Kilvarna,
Sligo, Ireland.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Dympna, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fara rọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé oòrùn Perth kò tíì sun wọ́n bí ẹran? Níbí, òjò ni a jí bá, òjò náà ni a ó sì sùn tì. Orúnkún mi ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ajá Dádì ti dití pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ìró àwo oúnjẹ dáadáa. A dúpẹ́.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, mo tọrọ àforíjì pé mo gé fóònù mọ́ ọ létí lánàá. O kàn bèèrè pé ṣé mo rí àyè fi gòjé ta orin Dádì pẹ̀lú Bàbá Jarlath kí ó tó kó lọ sí Cork. Ìbéèrè kékeré ni lójú rẹ. Lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù rárá. Fi omi tíì kaná, kí o jókòó, nítorí inú ń bí mi sí ènìyàn púpọ̀, ìwọ náà sì wà nínú wọn.

O mọ̀ pé láti ọdún mẹ́rin tí mo ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti gbé gòjé Dádì sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ Fergal ní gbọ̀ngàn ìlú, Fergal tó jẹ́ pé bí kò bá rí orin nínú ìwé, kò gbà pé orin ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa á pàdé ní ilé ọtí Devaney, àwa bíi mẹ́jọ, a ó jókòó yípo, a ó sì máa ṣe orin àtijọ́. O rántí bó ṣe rí nígbà tí Dádì wà níbẹ̀: kò sí ẹni tó ń dá orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀ àfi bí ẹni tó ṣáájú bá ní kó dá a. Ẹnikẹ́ni kò kọ òfin yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n rú u wò, kí o wo ojú wọn. Concepta Tarpey, alákọ́díọ̀nì, ló ṣáájú báyìí. Ọdún mẹ́rin, Dympna! Concepta kò fi ìgbà kan ní kí n dá orin. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Èmi gbé baba ìwà lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, nítorí ibẹ̀ ni àga mi wà.

Ǹ bá má kà á sí. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹsàn-án ni Bàbá Jarlath sọ pé ọmọbìnrin òun ń bọ̀ wá mú òun lọ sí Cork, torí ẹsẹ̀ òun kò gba àtẹ̀gùn ilé mọ́. Dádì kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ gba orin rẹ̀ sílẹ̀ rí, àgídí rẹ̀ ṣáà ni. Bàbá Jarlath nìkan ló kù láyé tó mọ orin ijó yẹn, èyí tí kò ní orúkọ, tí àwa ń pè ní orin Dádì. Ó fi fèrè gbè é lẹ́yìn fún ogójì ọdún. Mo kàn fẹ́ bá a ta á lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni Dádì fi sílẹ̀.

O máa ní kí ló dé tí n kò lọ bá a nílé. Mo lọ! Ó fún mi ní tíì, ó fún mi ní kéèkì, ó wá ní, “Sọ́ńdè ni mo máa ń fun fèrè, ọmọ Malachy. Wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè.” Ènìyàn á ní òun ló ń ṣe Máàsì.

Mo wá lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà kún inú ilé ọtí, orin kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sì ń bèèrè léraléra. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti gbé ọ̀pá gòjé lé okùn tán kí Concepta tó fò wọ orin mìíràn láìmí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan gbé ìlù pẹlẹbẹ wá láti Dublin, ó ń lù ú bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìyẹn ló sún wa dé ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, ọjọ́ Àìkú tí Bàbá Jarlath lò kẹ́yìn. Nígbà tí Devaney gbé àwo búrẹ́dì ẹlẹ́ran yí ká, tí ẹnu Concepta kún, mo rú òfin. Mo dá orin Dádì.

Gbogbo wọn gbé ọwọ́ sílẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ orin kì í dí i lọ́wọ́. Mo ta á lẹ́ẹ̀kíní, mò ń wo Bàbá Jarlath. Fèrè rẹ̀ wà lórí itan. Mo ta á lẹ́ẹ̀kejì. Ó na ọwọ́ mú búrẹ́dì mìíràn. Búrẹ́dì, Dympna! Mo fi ìbínú ta ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sì kù dẹ̀dẹ̀ kí okùn já.

Ó nu ẹnu. Ó ní, “Orin dáadáa ni. Ta ló ni ín?”

Mo ní, “Ta ló ni ín kẹ̀? Orin Dádì ni! Ẹ̀yin tí ẹ fun ún fún ogójì ọdún!”

“Èmi kọ́. Ibì kan wà tí bàbá ẹ ti máa ń dúró. Níbo lo gbé e sọ nù sí?”

Mo mọ ibẹ̀. Bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ Dádì ni mo ń ta á tẹ́lẹ̀, Fergal ló ní orin náà fi ìṣísẹ̀ kan lé lórí iye tó yẹ, pé àṣìṣe ni, kí n gé e kúrò. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wo ohun tí kì í ṣe àìsàn sàn. Gbogbo ojú yí sí Fergal, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan lábẹ́ àga.

Fergal ní, “Mo kàn kà á ni. Ó lé kan.”

Bàbá Jarlath ní, “O ò parọ́, ó lé kan. Ìka ló fà á. Kí ayùn tó gé ìka ọmọńdinrín Malachy, orin yẹn gún régé. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá ti dé ohùn òkè yẹn, ó ní láti sún gbogbo ọwọ́ gòkè kó tó kàn án.”

Mo ní, “Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ṣebí ìka tiyín pé.”

Ó ní, “Ó pé. Mo kàn máa ń dúró dè é ni.”

Dympna, ìwọ àti èmi jẹun nídìí ọwọ́ yẹn ní gbogbo ìgbà èwe wa. A fi ìka tó gé yẹn dẹ́rù ba àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. A kò fi ọjọ́ kan ronú pé ó wà nínú orin.

Ó wá gbé fèrè sẹ́nu, ó fun ún lẹ́ẹ̀kan. Ó débẹ̀, ó dúró, ó tẹ̀ síwájú. Mo gbé gòjé sí èjìká kí n bá a dá a padà, ni ọmọbìnrin rẹ̀ bá fun fèrè ọkọ̀ níta pé ilẹ̀ ń ṣú. Ọjọ́rú ló gbé e lọ sí Cork. Nítorí náà, rárá, n kò bá a ta á.

Lánàá, Concepta kò tíì tún àga ṣe tó fi ní, “Attracta, ó kàn ẹ́. Ta ti bàbá ẹ.” Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin! Mo bẹ̀rẹ̀. Etí àwọn ènìyàn yìí mú, wọ́n ti gbé e láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wọn ló sì bá mi wọ̀ ọ́. A dé ohùn òkè yẹn, mo dúró. Wọ́n kọjá lọ pátá, wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀ nínú òjò.

Mo pariwo, “Ẹ dúró!”

Concepta ní, “Ká dúró de ta ni?”

Mo ní, “De Dádì.”

Concepta, tí kì í dúró de Fáda pàápàá, rọra gbé àkọ́díọ̀nì rẹ̀ jókòó sórí itan. Ó ní, “Ó dáa. Látìbẹ̀rẹ̀.” Nígbà tí a débẹ̀, Dympna, gbogbo wa dúró. Fergal náà dúró.

Mo délé, n kò tíì bọ́ kóòtù, ni o pè tí o bi mí léèrè. Ọ̀rọ̀ náà kò gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ni mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Devaney ní kí n kí ọ, ó ní o ṣì jẹ òun ní ijó kan láti ọdún tí o lọ. Ajá kò gbọ́ pé mò ń kọ̀wé sí ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀,

Attracta.