Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé fún Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta, 1987
Dókítà ojú sọ̀rọ̀ lónìí, kò fi bọpo bọyọ̀. Ojú òsì Kùdírátù ìyàwó mi ti kú. Ti ọ̀tún náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ti bá wa rí ọsibítù tó máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ojú ọ̀tún yẹn lè yè, ó lè má yè. Èmi ni mo sunkún. Tíṣà — bí mo ṣe ń pè é nìyẹn látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ — ìbéèrè kan péré ló bi mí nígbà tá a délé ní Ìpọ̀nrí: "Ṣé orí Sàhárà ni bàálù máa gbà kọjá?"

Ọjọ́rú, 4
Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Yábàá. Sàhárà tó ń yà sára bọ́ọ̀dù yẹn, kò fojú kàn án rí. Kí ojú tó kù yìí tó lọ, ó fẹ́ rí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa jókòó sí, kò sí àríyànjiyàn.

Ọjọ́bọ̀, 5
Evelyn, aládùúgbò wa tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, yà kí wa. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má gbà kí wọ́n fi yín sórí ìyẹ́ bàálù o. Ìyẹ́ nìkan lẹ máa wò dé Lọ́ńdọ̀nù." Iwájú ló dáa jù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ooru ẹ́ńjìnnì á máa mú kí gbogbo nǹkan gbọ̀n lójú èèyàn. Àti pé òsì ni ká mú: àárọ̀ la máa gbéra, àríwá là ń lọ, oòrùn á máa ta wá lójú tá a bá wà lọ́tùn-ún.
Òsì, mo ní. Ó parí.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Kò parí o. Ojú òsì ló kú! Tó bá jókòó sósì, ojú tó kú ló máa kọ sí fèrèsé. A to àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, à ń dán an wò bí ọmọdé. Lósì, àfi kó yí gbogbo ọrùn kó tó rí igi àgbọn ìta. Lọ́tùn-ún, wẹ́rẹ́ ló rí i. Mo ní oòrùn ńkọ́? Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa ta mí. Ṣebí ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wá kiri."
A rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 7
Evelyn ti gbà á fún wa. Ọ̀tún, iwájú ìyẹ́. Tíṣà ń kọrin ní kíṣìnnì.

Ọjọ́rú, 11
Mo ṣí kọ́tìnnì láàárọ̀. Oòrùn kún gbogbo yàrá. Ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"
Ọlọ́run mi.

Ọjọ́bọ̀, 12
Dókítà ní ká ṣì máa lọ, àmọ́ ká má gbọ́kàn lé e. Mo rọra ní kí Evelyn bá wa pààrọ̀ ìjókòó yẹn, ibikíbi tí kò bá ti sí fèrèsé. Tíṣà gbọ́. Inú bí i gan-an. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó síbẹ̀."

Àìkú, 15 — nínú bàálù
Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè kórìíra fèrèsé tó báyìí. Ìta mọ́ kedere. Kò sí kùrukùru kankan — ìbá tiẹ̀ wà! Ó ń bi mí léèrè bí ẹni ń bi ọmọ kíláàsì. Àwọ̀ wo? Mo ní ó pupa, bíi gàrí tí wọ́n fi epo yan. Ó ní, "Ebi ń pa yín." Ṣé iyanrìn nìkan ni? Mo wò ó dáadáa. Mo ní rárá, òkúta ló pọ̀ jù, òkúta dúdú, àti ojú odò tó ti gbẹ tipẹ́.
"Mo mọ̀," ó ní. "Bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn."
Ó wá na ara kọjá àyà mi, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé gíláàsì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ó tutù." Ìgbà yẹn ló tó sunkún, látìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń bá a wo ìta lọ.